Ta ló sọ fún pátákó yẹn pé ẹ̀dà tuntun ti tó jáde?

Ní ọ́fíìsì wa ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri tí wọn kì í fi wo bọ́ọ̀lù. Orúkọ gbogbo páákéèjì, ìyẹn àwọn ègé sọ́fúwíà tí ẹlòmíràn kọ, tí áàpù wa gbára lé ló wà lójú rẹ̀, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pátákó la ń pè é. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, àwọn ará ọ́fíìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé ṣé ẹ̀dà tuntun ò tíì jáde ni. Bí ìlà kan ṣoṣo bá pọ́n, wọ́n á ní kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró. Èmi ni mo máa ń sọ pé "ó jáde" tàbí "kò tíì jáde", Kétu ni mo sì ń gbé, níbi tí n kò ti lè rí tẹlifíṣọ̀n yẹn. Nígbà míràn mo máa ń rò ó pé àìrí i yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí n rí iṣẹ́ mi ṣe.

Pátákó yẹn kò mọ nǹkan kan nípa áàpù wa. Àtòkọ ló ń kà. Àtòkọ náà, inú àká sọ́fúwíà kan ló ti wá, ẹlòmíràn ló sì ń tọ́jú àká náà níbi tí ojú wa kò tó. Ó lè jẹ́ pé ìròyìn àná ni àká náà ń rò fún wa lónìí. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹni tó gbé páákéèjì wá fẹnu sọ ló kọ sílẹ̀, tí kò tú ẹrù náà wò. Nítorí náà, kí n tó wo àwọ̀, mo máa ń béèrè pé: ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló sọ ọ́, kí ló sì fojú rí kó tó sọ ọ́?

Áàpù náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìwé ìṣirò ni fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ṣe gàrí, tí wọ́n sì ń ta àgbàdo ní ẹkùn Plateau wa níbí ní Benin: Sakété, Pobè, Kétu, títí dé àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ìlárá níbi ààlà Nàìjíríà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á kọ iye àpò tó wọlé, ẹni tó mú un wá, iye tí wọ́n san, àti iye tó kù sí ọrùn ẹni tó kù sí. Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń lò ó, òmíràn nínú wọn ti là lójú. Sáfà wa, kọ̀ǹpútà tí àwọn fóònù ń bá sọ̀rọ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí Debian 12, irú Linux kan, èdè Python la sì fi kọ ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí akọ̀wé ń fọwọ́ kàn lójú fóònù, èdè JavaScript ni, inú npm, àká páákéèjì JavaScript, la sì ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àká mẹ́ta nìyẹn, ti Debian, ti Python àti npm, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó máa ń gbà ṣini lọ́nà.

Bí mo bá gbé ẹ̀dà burúkú jáde ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, n kò lè fà á padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù kan á gbà á lóru, òmíràn ò ní gbà á títí ẹni tó ni ín á fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, àtúnṣe tí mo bá sì fi ránṣẹ́ á máa rìn bí ẹ̀dà burúkú yẹn ṣe rìn. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìyẹn. Ohun tí wọn kì í kà sí ni ìyà tó wà nínú dídá ẹ̀dà rere dúró. Lásìkò ìkórè àgbàdo, akọ̀wé tí kò rí ibi tó máa kọ gbèsè sí nínú ẹ̀dà àtijọ́ á padà sí ìwé kékeré àti báírò. Nígbà tó bá yá, ohun tó wà nínú ìwé kò ní bá ti inú fóònù mu mọ́, ọ̀rọ̀ owó á sì di ohun tí wọ́n ń pe àgbà ilé sí. Ní ọ́fíìsì, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìdádúró kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọn kì í bá wọn jókòó ní Pobè ni.

Torí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kọ́kọ́ sọ ti àwọ̀ pupa, nítorí òun ni kò sẹ́ni tó ń fura sí.

Àká Debian pín sọ́nà méjì. Ibi tí wọ́n ń pè ní pool ni àwọn páákéèjì gan-an wà. Ibi tí wọ́n ń pè ní dists ni àwọn àtòkọ wà: fáìlì Packages tó ń sọ orúkọ, ẹ̀dà, ìwọ̀n, hash (àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì) àti ohun tí páákéèjì kọ̀ọ̀kan gbára lé, àti fáìlì Release tí wọ́n buwọ́ lù láti jẹ́rìí sí àwọn Packages. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ ni wọ́n ń tún àká ìyá ṣe, àwọn mirror, ìyẹn sáfà àwọn ẹlòmíràn káàkiri ayé, á sì máa dà á kọ. Ìlànà wà fún dídà á kọ: ohun inú pool ni kó kọ́kọ́ dé, kí àtòkọ tó tẹ̀ lé e. Mirror tí kò bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lọ́wọ́ láàárín méjì, á máa polówó ọjà tí kò tíì wọ ilé rẹ̀. Apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń kó páákéèjì wọlé, á dáhùn pé 404, ìyẹn pé kò rí fáìlì náà. Tàbí kó ní "Hash Sum mismatch", pé hash kò bára mu, gbólóhùn kan tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bí ẹni pé olè ti fọ́lé.

Àmọ́ irú èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní àsìkò òjò tó kọjá tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Pátákó pọ́n lórí àwọn páákéèjì tó ń bá ibi tí a ń kó data sí ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ̀dà tí a nílò kò ṣeé fi sórí sáfà, pé ohun tó gbára lé kò sí níbì kankan. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí wa pè mí láti Àjàṣẹ́.

"Àbúrò, nǹkan ti bàjẹ́ o. Jẹ́ ká sún un síwájú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló bàjẹ́? Páákéèjì ni àbí àtòkọ?"

"Kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀? Mo ní ó pọ́n."

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi. Bí páákéèjì bá bàjẹ́, ẹ̀dà wa bàjẹ́. Bí àtòkọ bá bàjẹ́, ẹ̀dà wa lè wà ní àlàáfíà, àwa la ò rí i. Mo ṣí fáìlì Release tí mirror yẹn ń fún wa, mo ka ìlà tí wọ́n kọ Date sí. Ti apá tí wọ́n ń pè ní main ti gbó. Ti apá security, ti àtúnṣe ààbò, ibòmíràn la ti ń gbà á, ó sì jẹ́ tuntun. Páákéèjì tó wá láti security ń béèrè ohun kan tó ti wọ main nígbà tí Debian ṣe àtúnṣe fún ẹ̀dà 12 wọn, mirror wa sì ṣì ń rò main ti ìgbà tí àtúnṣe náà kò tíì wáyé. Òótọ́ ni àtòkọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀. Ìgbà tí a so wọ́n pọ̀ ni wọ́n di irọ́. Apt ò sì pariwo, nítorí main ti ẹ̀dà stable, èyí tó ti fìdí múlẹ̀, kì í ní ìlà Valid-Until tó ń sọ ọjọ́ tí àtòkọ á kú. Ó lè gbó bó ṣe wù ú.

Mo lọ sí snapshot.debian.org, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú bí àká náà ṣe rí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, mo mú wákàtí kan ṣoṣo fún apá méjèèjì, mo sì fi gbogbo rẹ̀ sórí container òfìfo, tó dà bí kọ̀ǹpútà kékeré nínú kọ̀ǹpútà. Ó wọlé láìsí ìjàngbọ̀n. Kò sí ohun tó ṣe páákéèjì kankan. Ìdádúró tí à bá dá, nítorí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó ń sùn ni.

Àwọ̀ ewé ní tirẹ̀, irọ́ rẹ̀ máa ń dákẹ́ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Darcy Clarke, tó ti ṣiṣẹ́ rí lórí npm, kọ ọ́ síta pé ohun tí àká npm ń sọ nípa páákéèjì àti ohun tó wà nínú páákéèjì náà kò pọn dandan kí wọ́n bára mu. Ẹni tó ń gbé páákéèjì wá á fi àkọsílẹ̀ kan ránṣẹ́, á fi ẹrù gan-an ránṣẹ́, package.json tirẹ̀, fáìlì tó ń sọ ohun tó gbára lé, wà nínú ẹrù náà, npm kì í sì fi ọ̀kan wé èkejì. Àkọsílẹ̀ lè sọ pé páákéèjì yìí kò gbára lé nǹkan kan, kí package.json inú ẹrù máa pe ohun mìíràn. Pátákó wa, àkọsílẹ̀ ló ń kà. Bí gbogbo ọ̀ràn bá dá lórí àkọsílẹ̀ nìkan, ìlà náà á di àwọ̀ ewé, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tú àpò.

Ti Python tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Páákéèjì àtijọ́ tó ń lo setup.py, fáìlì ìtọ́sọ́nà tó jẹ́ kóòdù fúnra rẹ̀, lè ṣírò ohun tó gbára lé nígbà tí a bá ń fi í sórí ẹ̀rọ. Lórí Linux ó béèrè ohun kan, lórí Windows ó béèrè òmíràn. Títí wọ́n á fi ṣe é lórí ẹ̀rọ tirẹ, kò sí àtòkọ tó lè mọ ìdáhùn náà tọ́hùn-ún. Pátákó kì í sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, òfìfo sì jẹ́ àwọ̀ ewé lójú rẹ̀. Ibí yìí ni inú máa ń bí mi sí ẹni tó kọ pátákó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọlúwàbí ni, ìdílé wa sì ti bára jẹun.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ló jẹ́ kí ọ́fíìsì gbọ́ ohun tí mo ti ń sọ. Láti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà, àjọ NIST ní Amẹ́ríkà dín iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ kù nínú ìwé ńlá tí wọ́n ti ń kọ àléébù ààbò sọ́fúwíà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NVD. Àléébù tuntun ń wọlé ṣáá, wọ́n ń gba nọ́ńbà CVE tiwọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní àlàyé sọ́fúwíà tó kàn àti bó ṣe léwu tó. Irinṣẹ́ tó bá ń fi àlàyé yẹn wá àléébù nínú páákéèjì rẹ kò ní rí nǹkan kan, á sì ní àlàáfíà ni. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí oṣù kejì tó tutù lára wa, ọjọ́ 14 oṣù kẹta dé. Àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní ẹ̀bá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Méjì nínú wọn, ACE àti SAT-3, ló ń gòkè ní Kútọnu. Ẹni tó bá wà ní Benin lọ́jọ́ yẹn kò ní gbàgbé. Ní Kétu, WhatsApp á fi ohùn ránṣẹ́ lówùúrọ̀, kó dé lọ́sàn-án. Mo pe ọ́fíìsì lórí fóònù lásán, mo bi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wa pé kí ni pátákó ń sọ.

"Àǹtí, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀."

"Àká wo ló rí kà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò rí ìkankan kà o. Èyí tó rí kẹ́yìn ló fi síbẹ̀."

Íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, pátákó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá Ẹ̀gbọ́n jà pé kí a fi àwọ̀ kẹta kún un, àwọ̀ eérú, fún ohun tí a kò mọ̀. Ó kọ̀. Ó ní àwọn oníbàárà ò fẹ́ rí eérú, pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wa. Mo fi ojú ìwé tí Debian ń lò hàn án. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní britney, òun ló ń pinnu páákéèjì tó máa kúrò ní unstable, ibi tí ohun tuntun ti ń kọ́kọ́ wọlé, wọ testing, ibi tí wọ́n ti ń múra ẹ̀dà stable tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ó máa ń wò ó bóyá páákéèjì náà ti lo ọjọ́ tó tó: ọjọ́ 2, 5 tàbí 10, bí ọ̀ràn rẹ̀ bá ṣe yá sí. Ó máa ń wò ó bóyá ó mú àléébù ńlá tuntun wá, bóyá wọ́n ti kọ́ ọ fún gbogbo irú ẹ̀rọ, àti bóyá wíwọlé rẹ̀ máa sọ àwọn mìíràn di ohun tí kò ṣeé fi sórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, á kọ ìdí rẹ̀ síta fún gbogbo ayé kà. Nínú ìdáhùn rẹ̀, OK wà, BLOCKED wà, WAITING náà wà, fún èyí tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì parí. Bí àwọn tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún páákéèjì jọ kò bá tijú láti ní kí wọ́n ṣì dúró ná, àwa ta ni tí a ó fi tijú?

Ó ní òun máa rò ó. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ xz, sọ́fúwíà tó ń fún fáìlì pọ̀, bẹ́ sílẹ̀. Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, sọ́fúwíà tó ń tọ́jú data, ló rí i pé wíwọlé pẹ̀lú ssh, ọ̀nà àtiwọ sáfà láti òkèèrè, ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó sì tọpa rẹ̀ títí ó fi rí i pé wọ́n ti ki ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bọ inú xz ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ tiwa níbẹ̀ ni pé apá kan nínú ohun burúkú náà kò sí nínú git, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí, tí gbogbo ayé ń wò. Inú tarball, ẹrù dídì tí wọ́n gbé jáde, ló wà. Ẹni tó ka git kò rí i, ẹni tó ka àtòkọ rí ẹ̀dà tuntun tó mọ́ tónítóní. Kò dé Debian 12 tí sáfà wa ń lò. Ó dé testing àti unstable. Síbẹ̀, Debian dá 12.6 tí wọ́n ti múra àtigbé jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin dúró, nígbà tí wọ́n ń yẹ àká wọn wò, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ló sì tó jáde.

Ẹ̀gbọ́n gbà àwọ̀ eérú lọ́sẹ̀ yẹn. Àmọ́ ó wá mú ìdádúró 12.6 yẹn ṣe ẹ̀rí pé ó yẹ ká máa dúró nígbà gbogbo, ibẹ̀ la sì tún ti yapa. Àwọn ará Debian dúró pẹ̀lú ìbéèrè kan lọ́wọ́: ṣé ohun burúkú yìí kan ohun tó wà nínú àká wa? Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn, ẹni tó ń wá ìdáhùn náà sì wà nídìí iṣẹ́. Ìdádúró tí kò ní ìbéèrè nínú, ìbẹ̀rù lásán ni, kì í tán. Data àká kò ní mọ́ tán láéláé. Bí mo bá dúró dìgbà tí gbogbo ìlà máa jẹ́ àwọ̀ ewé tí mo gbà gbọ́, àwọn obìnrin Sakété á ti padà sí fífi èédú kọ gbèsè sára ògiri.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí báyìí. Mo ní díìsìkì kan nílé ní Kétu níbí, n kò jìnnà sí Àkàbà Ìdèna (ariwo àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń kó wá wo ẹnubodè náà ló máa ń jí mi bí mo bá sùn lọ́sàn-án). Gbogbo páákéèjì tí ẹ̀dà tuntun nílò ni mo máa ń kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú hash wọn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń pa íntánẹ́ẹ̀tì, mo máa ń mú container òfìfo, mo sì máa ń fi gbogbo rẹ̀ sórí rẹ̀ láti inú díìsìkì yẹn nìkan: pip, irinṣẹ́ Python, pẹ̀lú --no-index àti --require-hashes, npm ci pẹ̀lú --offline. Bí ohunkóhun bá béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, nígbà náà ni mo mọ ohun tó gbára lé ní tòótọ́, láìka ohun tí àtòkọ rẹ̀ sọ sí. Ẹni tó ń ra gàrí kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Ó máa ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á bu díẹ̀ sẹ́nu. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bi mí pé, "Àǹtí, ta ló máa tú gbogbo páákéèjì wọ̀nyí wò?" Kò sẹ́ni tó máa tú gbogbo rẹ̀. Mo máa ń fi lockfile ẹ̀dà tuntun, fáìlì tó to gbogbo páákéèjì àti hash wọn, wé ti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Èyí tí kò yí padà, tí hash rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀kan náà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjà Pobè láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rí wo ló tún ju ìyẹn lọ? Èyí tó yí padà ni mo ń ṣí, mo sì ń fi package.json inú rẹ̀ wé ohun tí àká sọ. Wọn kì í pọ̀ bí a bá ń gbé ẹ̀dà jáde lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá kó àyípadà ọdún kan jọ kó tó gbé e jáde ni iṣẹ́ yìí máa ń pa.

Gbogbo ìlà ló sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọjọ́ náà bá ti gbó, ó di eérú fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó le láti kọ, ó kàn ń gba pé kí ènìyàn jẹ́wọ́ pé ìmọ̀ òun ń ṣá.

Kí la wá ń fi eérú ṣe? Ohun tí mo fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀ ni ibi tó wà nínú áàpù. Bí eérú bá wà lórí ohun tó ń ṣírò owó, tó ń pa data mọ́, tàbí tó ń mọ ẹni tó wọlé, mo kà á sí pupa títí èmi fúnra mi á fi rí ìdí rẹ̀. Bí ó bá wà lórí ohun tó ń yí àwòrán kékeré padà tàbí tó ń to ọjọ́ sójú fóònù, mo kà á sí ewé, mo sì gbé e lọ. Àwọn kan ní ìyẹn kì í ṣe ìlànà, pé ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ojú ni lóòótọ́. Èmi ò tíì rí nọ́ńbà tó lè sọ fún mi pé gbèsè ìyá kan ní Ìlárá ju àwòrán ìsàlẹ̀ ojú ìwé lọ.

Lẹ́yìn èyí, ó kù fóònù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Pobè ní fóònù tó burú jù nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, mo sì ti bá a dá májẹ̀mú: ẹ̀dà tuntun kò ní jáde láìkọ́kọ́ wọ orí tirẹ̀. A ó da data rẹ̀ kọ síbì kan, a ó gbé ẹ̀dà tuntun lé ti àtijọ́ lórí, á kọ gbèsè kan, á pa fóònù, á tún tàn án, a ó sì gbìyànjú àtipadà sí ẹ̀dà àtijọ́. Bí a kò bá lè padà láìsọ nǹkan nù, kò jáde, bí gbogbo pátákó tilẹ̀ tutù bí ewé ẹ̀fọ́ ìdí odò. Mo máa ń sanwó ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Kétu, ọ́fíìsì sì máa ń kùn lórí ìyẹn ju orí owó sáfà lọ.

Ẹ̀dà tó jáde kẹ́yìn, eérú méjì ló kù lójú pátákó nígbà tí mo ní kó máa lọ. Ọ̀kan wà lórí ohun tó ń fún àwọn bọ́tìnnì ní àwọ̀. N kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì wà lórí páákéèjì tó ń to ìwé ẹ̀rí owó sí PDF fún títẹ̀. Àká rẹ̀ ní kò gbára lé nǹkan kan. Inú ẹrù, ó ń pe páákéèjì mìíràn tó ń ṣe ìṣirò àròpọ̀. Ó lè jẹ́ àìkíyèsí ẹni tó ni ín, n kò sì rò pé olè ni. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ owó ló ń jáde lórí ìwé yẹn, ìwé yẹn ni àwọn ìyá sì ń gbé lọ sí báńkì. Mo kọ̀wé sí ẹni náà, kò dáhùn. Mo ní kí wọ́n pa bọ́tìnnì PDF, kí ibi kíkọ gbèsè tí gbogbo wọn ń dúró dè sì máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ ẹ. Ó ní kí á gbé gbogbo rẹ̀ jáde tàbí kí á má gbé nǹkan kan, pé áàpù tó ní bọ́tìnnì tó kú ń dójú ti ilé iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtìjú tèmi ni ẹ jẹ́ kó jẹ́. Owó wọn kọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n buwọ́ lù ú, mo sì buwọ́ lù ú.

Ìyá kan ní Sakété ti bú mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé tí mo fẹ́ gbé lọ sí báńkì ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ó ń bọ̀. Wọ́n ní báńkì kì í dúró de "ó ń bọ̀", wọ́n sì gé fóònù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohùn wọn yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n nígbà tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé ká yọ páákéèjì PDF náà kúrò pátápátá, ká fúnra wa kọ ibi tó ń to nọ́ńbà sórí ìwé. Kò ju ojú ìwé díẹ̀ lọ, àròpọ̀ rẹ̀ á sì máa wá láti inú ìṣirò tiwa tí a ti dán wò. Ó ti gbà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń kọ ọ́ báyìí. Ó bi mí lánàá bóyá òun lè lo páákéèjì kékeré kan tí òun rí fún títo àwọn ìlà. Mo ní kó kọ́kọ́ tú u wò.